Ìkìlọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Wa Mọ́tò Jáde ní Niamey Lọ Ya Fọ́tò Ẹranko

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Niamey ṣe ibùgbé, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ gbé débẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé kámẹ́rà kọ́rùn láti Èkó tàbí Kútọnu lọ wo ẹyẹ àti ẹranko ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀ kan wà ní Niamey tí kò láfiwé: kí ènìyàn gbé mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, kó gba ọ̀nà Dosso, kó ya fọ́tò àgùnfọn ní Kouré, kó sì ti padà sílé kí oòrùn tó mú jù. Òótọ́ ni onítọ̀hún sọ nípa ayé àtijọ́. Ní ti òde òní, ìkìlọ̀ wa kò ní ẹ̀ka: ẹ má ṣe wa mọ́tò jáde ní Niamey nítorí àtiwo ẹranko.

A kò sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ kò tó wò. Nǹkan bí kìlómítà 60 sí Niamey, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, ni Kouré wà, agbègbè rẹ̀ sì ni àwọn àgùnfọn ìkẹyìn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ṣe ilé. Nígbà kan rí, irú wọn tàn kálẹ̀ láti Senegal títí dé ìhà adágún Chad. Ìbọn ọdẹ, ọ̀dá àti oko dídá lé wọn kúrò níbi gbogbo, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 1996, 49 péré ni wọ́n rí kà. Ìjọba Nìjẹ̀r fòfin de pípa wọn, àwọn ará abúlé sì gbà láti máa bá wọn gbé láàárín oko jéró àti ẹ̀wà. Díẹ̀díẹ̀, iye wọn gòkè títí ó fi lé ní 600. Lọ́dún 2018, àjọ IUCN tó ń ka àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó fẹ́ run láyé sọ wọ́n kalẹ̀ láti ìpele ewu ńlá sí èyí tó fúyẹ́ díẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n kó mẹ́jọ nínú wọn lọ sí igbó Gadabedji, níbi tí àgùnfọn ti pòórá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí gbogbo Áfíríkà lè fi yangàn ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ọgbà ní Kouré, kò sí odi. Lásìkò òjò, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ Kouré ni àwọn àgùnfọn máa ń wà; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì Dallol Bosso láti wá ewé. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn á dúró lẹ́bàá títì, á sanwó, á gbé amọ̀nà kan sínú mọ́tò, amọ̀nà á sì máa tọ́ka ọ̀nà fún awakọ̀ láàárín igbó ṣákálá. Àgùnfọn wọ̀nyí ti mọ ènìyàn lára débi pé kámẹ́rà inú fóònù tó láti yà wọ́n. Ohun tó mú kí ibẹ̀ dùn, òun náà ló mú kó léwu. Ibi tí àgùnfọn ń gbà kọjá láìsí ẹni tó dá a dúró, ẹni tó gun alùpùpù pẹ̀lú ìbọn léjìká lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kouré

Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, ènìyàn mẹ́jọ wà nínú mọ́tò kan tó lọ wo àgùnfọn. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí sì ń ṣiṣẹ́ fún ACTED, àjọ kan tó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tí ogun àti ìyàn dé bá. Awakọ̀ àti amọ̀nà jẹ́ ọmọ Nìjẹ̀r. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn agbébọn tó gun alùpùpù ká wọn mọ́ inú igbó. Wọ́n pa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n sì dáná sun mọ́tò. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ Islamic State kéde pé àwọn ló ṣiṣẹ́ ibi náà. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibùgbé àgùnfọn mọ́, wọ́n sì na òfin pàjáwìrì dé gbogbo agbègbè Tillabéri, ìyẹn agbègbè tó yí Niamey ká.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò rìn lóru. Wọn kò ṣìnà. Wọn kò lọ láìmú ẹni tó mọ ilẹ̀ dání. Ibi tí wọ́n lọ kì í ṣe igbó àìwọ̀. Ibi tí àwọn ará Niamey fúnra wọn ń kó ọmọ lọ ṣeré ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé, "Èmi á gba amọ̀nà, kò séwu," ẹ dá a lóhùn pé amọ̀nà mọ ibi tí àgùnfọn ti ń jẹko, kò sí bó ṣe lè mọ ibi tí agbébọn lúgọ sí.

Ẹ̀mí ta lẹ fi ń wewu?

Ẹni tó fẹ́ràn ìrìn-àjò sábà máa ń sọ pé ẹ̀mí òun ni, òun ló ni ín, òun lè fi wewu bó ṣe wu òun. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá a wí. Nínú mọ́tò tó jóná ní Kouré, ènìyàn méjì kò wá ṣe fàájì. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n wá ṣe.

Kí Kouré tó ṣẹlẹ̀, Pendjari ti ṣẹlẹ̀. Pendjari wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀kan lára igbó tí kìnnìún àti erin kù sí jù lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọdún 2019, wọ́n jí àwọn arìnrìn-àjò Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Benin. Wọ́n kó àwọn àlejò náà kọjá sí Burkina Faso. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn sójà Faransé lọ gbà wọ́n sílẹ̀ lóru, sójà méjì sì kú lójú ìjà. Ẹ kà á: àwọn arìnrìn-àjò méjèèjì padà sílé láàyè, ọkùnrin mẹ́ta tí kò ṣe fàájì kankan ni kò padà.

Ní oṣù kẹrin, ọdún 2021, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn Burkina Faso, níbi tí wọ́n ti pa àwọn akọ̀ròyìn ọmọ Spéìn méjì àti ọmọ Ireland kan. Iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ ni fíìmù nípa bí wọ́n ṣe ń lé àwọn tó ń pa ẹran ìgbẹ́ láìgbàṣẹ. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn. Ní oṣù kejì, ọdún 2022, wọ́n ba de àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní apá Benin nínú igbó W, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Igbó W yìí kan náà ni Benin, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r jọ ní. UNESCO kọ apá ti Nìjẹ̀r sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 1996. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní La Tapoa kò ju nǹkan bí kìlómítà 150 lọ sí Niamey. Àwọn ìwé arìnrìn-àjò àtijọ́ ṣì ń júwe rẹ̀ bí ibi tí ènìyàn lè fi ọjọ́ méjì lọ wo erin àti ẹyẹ. Ẹni tó bá tẹ̀lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí, ìwé tó ti kú ló ń bá rìn.

Torí náà, kí ẹ tó wí pé ọkàn yín le, ẹ bi ara yín léèrè: awakọ̀ tí mo fẹ́ gbà yìí, ọmọ mélòó ló ní? Bí wọ́n bá gbé mi, àwọn ọmọ ta ni wọn yóò rán wá wá mi?

Kruger kì í ṣe Kouré

Ohun tó ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́nà ni fídíò tí wọ́n ń wò láti gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rí tọkọtaya tó yá mọ́tò kékeré, tí wọ́n ń wa ara wọn kiri láàárín erin àti kìnnìún, tí wọ́n ń jẹ ìpápánu bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n wá rò pé bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rùn yẹn. Igbó Kruger ní South Africa ní géètì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà mọ́tò sílẹ̀. Géètì ní àkókò ìṣí, ó ní àkókò ìtì, ẹni tó bá pẹ́ yóò san owó ìtanràn. Ọ̀dà wà lójú àwọn ọ̀nà pàtàkì, eré mọ́tò kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ lórí wọn, 40 lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n bá gbà á láyè. Ibùdó ìsinmi, ilé epo àti dókítà wà nínú igbó náà. Ètò ló gbé wíwa mọ́tò fúnra ẹni ró níbẹ̀, kì í ṣe ìgboyà. Ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ fìdí múlẹ̀, ogun ti tú u ká.

Ẹni tó ń wo ẹyẹ tún ní ewu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹyẹ máa ń jáde dáadáa, àkókò méjèèjì yìí gan-an ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó ń wo ẹyẹ máa ń dúró pẹ́ lójú kan, á gbé awò sójú, á máa kọ nǹkan sínú ìwé. Lójú sójà tó ti ń ṣọ́nà láti àná, amí ni ẹni bẹ́ẹ̀ jọ. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó jọ ti sójà, èyí tí àwọn awòyẹ fẹ́ràn kí ẹyẹ má baà rí wọn, ẹ fi sílé.

Òfin, ìwé àti ojú ọ̀nà

Ìjọba Nìjẹ̀r fi dandan lé e pé kí àwọn àjèjì tó bá fẹ́ kúrò ní Niamey ní àwọn sójà tí yóò sìn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe rò pé àwọ̀ ara yín yóò bo ìwé náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, ẹ lọ béèrè ní ilé iṣẹ́ aṣojú wa ní Niamey kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀ jẹ pé ọkọ̀ sójà níwájú àti lẹ́yìn ti yanjú ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń bá ìjọba jagun, sójà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Nǹkan tún ti yí padà láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2023. Ẹnubodè Gaya àti Malanville, tí àwọn oníṣòwò wa ń gbà láti Kútọnu bọ̀ wá sí Niamey, ti di wàhálà láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025, Nìjẹ̀r jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fi káàdì lásán kọjá ní bọ́dà, kó kọ́kọ́ wádìí kó tó gbéra. Ẹni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba orí odò tàbí inú igbó kọjá pẹ̀lú kámẹ́rà olówó ńlá, ọ̀ràn ló ń wá lẹ́sẹ̀.

Nínú ìlú pàápàá, ẹ lajú

Niamey sàn ju ẹ̀yìn ìlú lọ, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dijú rìn. Ní oṣù kìíní, ọdún 2011, inú ilé oúnjẹ ní àárín ìlú ni wọ́n ti gbé àwọn ọ̀dọ́kùnrin Faransé méjì, àwọn méjèèjì sì kú. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2025, wọ́n jí ọmọ Amẹ́ríkà kan gbé nínú ìlú náà. Ní Agadez lọ́hùn-ún, wọ́n gbé obìnrin ará Austria kan nílé rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tí àlejò rò pé ó lẹ́wà lè jẹ́ ohun tí ìjọba ń ṣọ́. Afárá Kennedy, tó ti wà lórí Odò Ọya láti ọdún 1970, jẹ́ ibi tí wíwo ìwọ̀ oòrùn dára púpọ̀, àwòdì àti lékeléke sì máa ń fò kọjá níbẹ̀. Ẹ má gbé kámẹ́rà sókè lórí rẹ̀. Ohun kan náà ni ti pápákọ̀ òfurufú, bárékè sójà, ààfin ààrẹ, àgọ́ ọlọ́pàá àti ibi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò. Dróònù kì í ṣe ohun ìṣeré ní orílẹ̀-èdè tó ń jagun: bí kò bá sí àṣẹ lórí ìwé, ẹ má mú un wọ̀lú rárá.

Bí sójà tàbí jandáàmù bá dá yín dúró, ẹ pa iná iwájú mọ́tò, ẹ tan ti inú, ẹ sọ wíńdò kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ síbi tí wọ́n ti lè rí i. Ẹ kí wọn ní èdè tí wọ́n ń sọ, ìbáà ṣe Zarma, Haúsá tàbí Faransé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa fọ́tò rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú wọn, ẹ má ṣàlàyé ìfẹ́ tí ẹ ní sí ẹyẹ fún wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yí padà, ẹ yí padà.

Odò Ọya kò ní géètì

Àwọn kan á ní, "Ó dáa, a ò ní wa mọ́tò, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo erinmi." Ẹ rántí oṣù kọkànlá, ọdún 2014. Ní ìtòsí Niamey, erinmi kan dojú ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ iléèwé sọdá dé. Ọmọ iléèwé 12 kú, àgbàlagbà kan sì bá wọn lọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lọ ya fọ́tò. Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wọn ni.

Erinmi kì í jẹ ẹran, èyí ló ń tan àwọn àlejò. Ó lè dúró bí òkúta nínú omi títí ọkọ̀ yóò fi sún mọ́ ọn, kó tó kọlù ú, pàápàá bí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má bẹ atukọ̀ pé kó sún mọ́ ọn sí i. Ẹ má fi owó kún owó rẹ̀ nítorí fọ́tò. Ẹ má gba àárín erinmi àti ibi jíjìn nínú omi kọjá, nítorí ibẹ̀ ló ń sá sí bí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí atukọ̀ kò bá ní in, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa fọ́tò fúnra rẹ̀

Ẹ má gbé fọ́tò sórí ẹ̀rọ ayélujára nígbà tí ẹ ṣì wà níbi tí ẹ ti yà á. Fóònù máa ń kọ ibi àti àkókò pamọ́ sínú fọ́tò. Ẹ pa ohun tó ń kọ ibi pamọ́ yìí nínú ètò kámẹ́rà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó ń wá ènìyàn jí gbé lè ka ohun tí ẹ kọ, ẹni tó ń wá ẹranko pa náà lè kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má sì fowó ra ohun tí ẹ wá wò. Igún, tó ṣì ń fò lórí àwọn ọjà Niamey, IUCN ti kà á lọ́dún 2015 mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà létí ìparun. Májèlé ń pa á, àwọn tó ń ta orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún oògùn sì ń pa á, a sì mọ̀ pé òwò yìí kò ṣàjèjì lọ́jà àwa náà. Ẹ ya fọ́tò igún; ẹ má ra orí rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀

Ẹni tó ní sùúrù kò ní fi Niamey sílẹ̀ kó tó rí ẹyẹ. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù Yúróòpù máa ń wọ Sàhẹ́lì. Láti inú ọgbà ilé ìtura tàbí ilé oúnjẹ tó kọjú sí odò, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín, ẹ lè rí ẹyẹ apẹja dúdú-funfun tó ń rábàbà lójú kan kó tó já wọ omi. Ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1959, ní ọgbà ẹranko tirẹ̀ láàárín ìlú. Níbẹ̀ náà ni ìyókù igi Ténéré wà, igi kan ṣoṣo tó dá dúró nínú aṣálẹ̀ kí awakọ̀ akẹ́rù kan tó fi ọkọ̀ kọlù ú lọ́dún 1973. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n ń gba owó fún kámẹ́rà.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú oko lẹ fẹ́, ẹ fi owó ìrìn-àjò yín wálé. Igbó inú ọgbà IITA ní Ìbàdàn tó nǹkan bí hẹ́kítà 350, ibẹ̀ sì wà lára ibi díẹ̀ tí ènìyàn ti lè wá Ibadan malimbe, ẹyẹ kékeré tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní Lẹ́kí, ọgbà Nigerian Conservation Foundation ní afárá onígi tó gùn ní mítà 401 láàárín orí igi, ọ̀bọ sì pọ̀ níbẹ̀. Ní igbó Mole ní àríwá Ghana, ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn ló ń mú àlejò lọ wo erin. Ẹ má rò pé mo ń darí yín sí igbó Kainji ní Nàìjíríà o. Àwọn agbébọn ti ń rìn nínú igbó ìhà ibẹ̀ náà. Ibikíbi tí ẹ bá ń lọ, ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ fi ṣe amọ̀nà, kì í ṣe ti ọdún tó kọjá.

Ó kù àwọn tí iṣẹ́ yóò lé jáde ní Niamey tipátipá: onímọ̀ ìṣègùn, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ gba èsì rẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra. Ta ló sọ pé ọ̀nà yìí ṣí lónìí, ṣé ó sì wà ní ipò tó fi lè mọ̀? Ta ló mọ wákàtí tó yẹ kí n dé, tí yóò sì pariwo bí mi ò bá dé? Ìkẹta ló wúwo jù: ṣé awakọ̀ mi lè sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká padà" láìpàdánù owó òòjọ́ rẹ̀? Ẹ san owó rẹ̀ pé kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì sọ fún un lójú ẹlẹ́rìí pé owó náà ti di tirẹ̀, ì báà dé ibi tí à ń lọ, ì báà yí padà ní ìdajì ọ̀nà. Nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ yóò tó sọ òótọ́ fún yín. Bí ó bá sì sọ ọ́, ẹ má bá a jiyàn. Bí àgùnfọn bá sì yọ lẹ́bàá títì bí ẹ ti ń lọ, ẹ wò ó láti ojú fèrèsé, kí mọ́tò má dúró.